Iná Méjì Lójú Fèrèsé Kan

Ohùn rẹ̀ ni a kọ́kọ́ mọ̀, ojú rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ tẹ̀lé e ni. Nígbà tí ilé ìwòsàn ńlá ìlú wa ṣì ń lo pátákó ìsopọ̀ tẹlifóònù, èyí tí a ń fi ọwọ́ ki okùn bọ ihò kí ẹni méjì tó lè gbọ́ ara wọn, òun ni ó jókòó sídìí rẹ̀, nínú yàrá kékeré kan lábẹ́ àtẹ̀gùn, yàrá tí kò ní fèrèsé kankan. Ẹni tí ó fẹ́ mọ̀ bóyá ìyàwó òun ti bímọ, ẹni tí ń wá dókítà, ẹni tí ọkàn rẹ̀ ti sọ fún un pé aláìsàn òun kò sí mọ́ ṣùgbọ́n tí ó fẹ́ kí ẹnu ẹlòmíràn kọ́kọ́ sọ ọ́, ohùn kan náà ni gbogbo wọn ń bá pàdé: "Ẹ dúró ná. Mo ń so yín pọ̀." Kì í yára sọ ọ́. Ó máa ń fi sùúrù gbé "ná" yẹn kalẹ̀ bí ẹni tí ń gbé ọmọ tí ó ti sùn lé orí ibùsùn.

Nígbà tí ó fẹ̀yìn tì, tí wọ́n sì fi ẹ̀rọ tí ń dá ara rẹ̀ lóhùn rọ́pò rẹ̀, ó kó wá sí àjà kejì nínú ilé alájà mẹ́ta tí àwa náà ń gbé. Kò pẹ́ rárá tí obìnrin aránṣọ tí ń gbé nísàlẹ̀ fi gbọ́ ọ lórí àtẹ̀gùn, níbi tí ó ti ń sọ fún ẹni tí ó fẹ́ ti ìlẹ̀kùn ìta pé, "Ẹ dúró ná." Aránṣọ ju àlùmọ́gàjí sílẹ̀, ó sáré jáde.

"Ẹ gbà mí o! Ohùn tó sọ fún mi pé ẹ̀gbọ́n mi ti bímọ nìyí! Mo ti rò pé ọmọge tínínrín kan ni!"

"Ó tínínrín nígbà náà," ni obìnrin náà dáhùn. "Ẹ̀yin lẹ ò tètè wá wò ó."

Láti ọjọ́ náà ni gbogbo ilé ti ń pè é ní Ìyá Ẹ-Dúró-Ná. Kò bínú sí i. Ó ní ohun tí òun fi gbogbo ọjọ́ ayé òun sọ fún àwọn ẹlòmíràn ni wọ́n dá padà fún òun, òun kò sì lè kọ̀ ọ́.

Yàrá méjì ni ó ní, àti ilé ìdáná kan tí ẹni méjì kò lè dúró sí láìfi ìgúnpá gbá ara wọn. Ẹni tí ó bá wọlé tọ̀ ọ́ yóò rí ewéko kí ó tó rí àga. Àwọn ewéko tí ń tọ́jú omi sínú ara wọn ni ó fẹ́ràn: àbámọdá, odúndún, ahọ́n erin, ọrọ́ oríṣiríṣi, àti àwọn mìíràn tí èdè wa kò tíì sọ lórúkọ, tí ewé wọn ki bí ètè ọmọ tí ń bínú. Olúkúlùkù wọn ni ó ní àsìkò tí òdòdó rẹ̀ ń yọ. Ó gbìn wọ́n sínú agolo mílíìkì tí ó ti fi ìṣó lu nídìí, sínú ife tí etí rẹ̀ ti kán, sínú kẹ́tùlù tí kò mú omi dúró mọ́, àní sínú bàtà òjò ẹsẹ̀ kan tí ó sọ pé ẹsẹ̀ kejì rẹ̀ ti ṣáájú òun lọ sí ọ̀run. Ẹni tí ó lo ìgbà èwe àti ìgbà àgbà rẹ̀ nínú yàrá aláìní fèrèsé, kò sí fèrèsé kan tí ó fi ṣòfò nígbà tí ó ní tirẹ̀.

Ó tò wọ́n bí pátákó iṣẹ́ rẹ̀ àtijọ́, ìlà lórí ìlà, ó sì fi ẹ̀ka ilé ìwòsàn sọ wọ́n lórúkọ. Àbámọdá, tí ọmọ wẹ́wẹ́ máa ń hù yí etí ewé rẹ̀ ká, ni Ilé Ìgbẹ̀bí. Ọrọ́ ẹlẹ́gùn-ún gígùn ni Yàrá Iṣẹ́ Abẹ. Ọ̀kan wà tí ó rí roboto, tí kì í jẹ́ kí ọwọ́ ẹnikẹ́ni sún mọ́ òun, Akápò nìyẹn. Èyí tí ó dàbí òkúta, tí ewé rẹ̀ méjèèjì lẹ̀ mọ́ ilẹ̀ tí ènìyàn yóò rò pé ó ti kú láti ọdún èṣí, Ilé Òkú ni ó ń pè é. Lọ́jọ́ tí òdòdó funfun kan yọ láàárín rẹ̀, ó wá kan ìlẹ̀kùn wa lẹ́yọ lẹ́yọ.

"Ẹ wá wo nǹkan. Ẹnì kan ti jíǹde ní Ilé Òkú."

Ní òwúrọ̀, pẹ̀lú ife tíì lọ́wọ́, á máa bẹ̀ wọ́n wò. Bí ìlẹ̀kùn rẹ̀ bá ṣí, a óò máa gbọ́ ọ: "Ilé Ìgbẹ̀bí, ẹ káàárọ̀. Ṣé gbogbo ọmọ pé? Akápò, ẹ̀yin náà ẹ káàárọ̀, bí ẹ ò tilẹ̀ fẹ́ dáhùn."

"Ẹ" ni ó ń pe àwọn ewéko pàápàá. Bẹ́ẹ̀ ni ó ṣe ń pe gbogbo ènìyàn láti ìgbà iṣẹ́, àgbà ìbáà jẹ́, ọmọdé ìbáà jẹ́. Ó máa ń sọ pé ohùn kì í hu ewú. Ẹni tí a kò rí, a kò lè mọ ọjọ́ orí rẹ̀, kí a má baà ṣi àgbà pè, ọ̀wọ̀ ni kí a fún gbogbo wọn. Àwọn náà ń fi ọ̀wọ̀ náà dá a lóhùn. Àwa tí a sì gbọ́ èdè yìí dénú mọ ohun tí ó wà nínú ọ̀rọ̀ náà. "Ẹ̀yin" jẹ́ àga tí a gbé fún ènìyàn. Ó dára, ó lọ́lá, ṣùgbọ́n ó jìnnà díẹ̀ sí ìdí ààrò. "Ìwọ" ni ẹní tí a jọ tẹ́. Bí ọjọ́ orí ènìyàn ti ń ròkè ni àga rẹ̀ ń ga sí i, tí àwọn tí ó lè pè é wá sórí ẹní sì ń dín kù.

Àwọn òbí rẹ̀ ni ó kọ́kọ́ lọ. Ọkọ rẹ̀ tẹ̀lé wọn. Òun àti ọkọ náà kò bímọ. Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ tí wọ́n jọ kàwé, tí wọ́n jọ ṣiṣẹ́, wọ́n tò tẹ̀lé ara wọn lọ bí ẹni tí ń wọ ọkọ̀. Ó wá ku ẹnì kan ṣoṣo láyé tí ó lè wo ojú rẹ̀ kí ó sọ pé "ìwọ": ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin, ọmọ ìyá rẹ̀. Èyí kì í tilẹ̀ pe orúkọ rẹ̀. Kékeré ni ó ń pè é, ìyá tí ó ti lé ní àádọ́rin ọdún.

Ẹ̀rọ ìhunṣọ òwú ni ẹ̀gbọ́n náà ní, tí ó fi ń hun súẹ́tà fún àwọn ọmọ iléèwé. Bí ó bá ti ti ṣọ́ọ̀bù ní ìrọ̀lẹ́, ọ̀dọ̀ Kékeré ni ó ń gbà kọjá kí ó tó lọ sùn. Ojú rẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ ríran mọ́. Nígbà kan, ó ṣìnà wọ ilé kejì, ó jókòó sínú pálọ̀ onílé, ó sì bá a wí fún eruku orí tábìlì kí ó tó mọ̀ pé Kékeré kọ́ ni. Láti ìgbà náà ni àbúrò rẹ̀ ti gbé àtùpà mànàmáná kan sí ojú fèrèsé pálọ̀, tí ó ń tàn án bí ilẹ̀ bá ti ń ṣú, kí ẹ̀gbọ́n lè fi mọ ilé.

A máa ń gbọ́ wọn láti ẹ̀yìn ògiri.

"Kékeré! O tún ti kó ìkòkò mìíràn wọlé. Níbo lo fẹ́ kí n jókòó sí, orí ẹ̀gún?"

"Ẹ má bínú, ẹ̀gbọ́n mi. Ẹ jẹ́ kí n gbé Akápò kúrò."

"Gbé e kúrò jàre, kó má baà fi ìdí mi gba owó orí. Ṣé o ti jẹun?"

"Mo ti mu tíì."

"Tíì lo pè ní oúnjẹ? Olórí kunkun. Dìde!"

Òun nìkan ni ó lè sọ fún Ìyá Ẹ-Dúró-Ná pé kí ó dìde, tí yóò sì dìde.

Lẹ́yìn náà ni ọmọ ẹ̀gbọ́n, tí ń ṣiṣẹ́ ní ìlú kan tó jìnnà réré, wá kó ìyá rẹ̀ lọ. Ó ní òun kò lè máa sùn kí òun máa ronú pé ìyá òun ń fọwọ́ wá ògiri lójú pópó. Kò sí ẹni tí ó lè bá a jiyàn. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ tí wọ́n ń lọ, ẹ̀gbọ́n gbé ìkòkò ewéko kan tí ó ti wà nílé rẹ̀ láti ọjọ́ pípẹ́ wá. Ewéko náà kò ní ewé bí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀. Oríkèé oríkèé tẹ́ẹ́rẹ́ ni ó so kọ́ra, tí ó sì ń tẹ̀ wálẹ̀ yí ẹnu ìkòkò ká. Nítorí ìrísí yìí ni ó fi sọ ọ́ ní Ẹsẹ̀-Akàn. Ní gbogbo ìgbà òtútù, òdòdó pupa rẹ́súrẹ́sú máa ń yọ ní orí oríkèé rẹ̀ kọ̀ọ̀kan nínú ilé ẹ̀gbọ́n, á sì máa fi yangàn fún àbúrò rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n kì í tan iná nílé. Bí adìyẹ bá ti wọ̀, òun náà ti wọ̀ nìyẹn.

Wọ́n gbé Ẹsẹ̀-Akàn sí ojú fèrèsé pálọ̀, lẹ́bàá àtùpà. Ẹ̀gbọ́n sọ̀kalẹ̀, ó wọ mọ́tò. Bí ọkọ̀ ti ń yí, ó yọrí, ó kígbe sókè sí fèrèsé tí kò rí dáadáa:

"Kékeré! Jẹ́ kí ojú fèrèsé yẹn máa tanná o!"

Gbogbo wa gbọ́ ọ. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà ní ojú méjì: àtùpà ń tanná, òdòdó náà ń tanná. Ẹni tí ó ti ń tan àtùpà de ẹ̀gbọ́n rẹ̀ láti ìgbà pípẹ́, èwo ni ẹ rò pé yóò gbọ́? Láti ọjọ́ náà, ilẹ̀ kò ṣú kí àtùpà ojú fèrèsé yẹn má tàn, kì í sì í kú títí ilẹ̀ fi máa ń mọ́. Ẹni tí ó bá ń ti ibi iṣẹ́ bọ̀ nígbàkigbà yóò rí i láti ìpẹ̀kun òpópónà, yóò sì mọ̀ pé Ìyá Ẹ-Dúró-Ná ń dúró.

Ní ìbẹ̀rẹ̀, ó máa ń pe ẹ̀gbọ́n lórí tẹlifóònù lemọ́lemọ́. Ẹni tí ó ti so gbogbo ìlú pọ̀ mọ́ra láìjẹ́ kí ohùn rẹ̀ gbọ̀n, bí ó bá ti gbọ́ "Kékeré, ìwọ nìyẹn?" báyìí, á bú sẹ́kún. Ẹ̀gbọ́n fara dà á fún ìgbà díẹ̀. Ní ọjọ́ kan ni ó bínú.

"Ojú lọ̀rọ̀ wà, Kékeré. Èmi ò lè máa gbọ́ ẹkún láti inú ike. Má pè mí mọ́ láti wá sunkún. Ọjọ́ tí Ẹsẹ̀-Akàn bá yọ òdòdó, ọjọ́ yẹn ni kó o pè mí, kí n mọ̀ pé ayọ̀ lo fi pè mí."

Àṣẹ ẹ̀gbọ́n ni. Kékeré gbà á bí ó ṣe ń gba àṣẹ láti ìgbà tí ó wà lẹ́yìn ìyá wọn. Ó rò ó pé ìgbà òtútù kò jìnnà, pé oṣù mélòó kan péré ni yóò fi dákẹ́.

Ìgbà òtútù dé, ó kọjá. Ilé Ìgbẹ̀bí yọ òdòdó tí ó ń mi bí agogo wẹ́wẹ́. Yàrá Iṣẹ́ Abẹ yọ ọ̀kan tí ó tóbi ju ara rẹ̀ lọ. Akápò pàápàá, ahun paraku, fi pupa díẹ̀ sọ́rí. Ẹsẹ̀-Akàn dúró ní tútù, ó ń gùn, ó ń ta oríkèé tuntun, kò sì yọ nǹkan kan. Ọdún tí ó tẹ̀lé e rí bákan náà, àti èyí tí ó tún tẹ̀lé ìyẹn. Obìnrin náà pààrọ̀ ilẹ̀ rẹ̀. Ó dín omi rẹ̀ kù, ó fi kún un. Ó fi ọwọ́ fẹ́ẹ́rẹ́ nu eruku ara rẹ̀. Ní ìparí ọdún, ọmọ ẹ̀gbọ́n yóò fi iṣẹ́ kúkúrú ránṣẹ́: "Màmá wà. Ara àgbà ni, wọ́n kàn ń gbàgbé nǹkan díẹ̀díẹ̀." Á ka èyí, á tún wo ojú fèrèsé. Ẹ̀gbọ́n kì í ṣe ọmọdé mọ́. Bí ó bá lọ kí òdòdó tó yọ, kò ní sí ẹni tí yóò pe òun ní "ìwọ" mọ́ títí tí òun náà yóò fi lọ. Ó sọ eléyìí fún aránṣọ lẹ́ẹ̀kan péré, kò sì sọ ọ́ mọ́.

Aránṣọ kò ní irú sùúrù bẹ́ẹ̀.

"Ẹ kàn pè wọ́n, ìyá mi! Ṣé òdòdó ló ni tẹlifóònù ni?"

"Kò tíì yọ."

"Ẹ sọ pé ó ti yọ."

"Ẹ̀gbọ́n mi ni kí n parọ́ fún?"

"Tó bá jẹ́ irọ́ lẹ ò fẹ́, mo ní àjákù aṣọ pupa kan nílé. Mo máa rán òdòdó mẹ́fà mọ́ ọn lára kí n tó dáná alẹ́, ẹ̀yin náà ò ní mọ̀ ọ́n yàtọ̀."

Ó rẹ́rìn-ín. Ó wọlé, ó ti ìlẹ̀kùn, a sì gbọ́ tí ó tan àtùpà.

Ní ọdún yìí, bí òtútù ti ń bẹ̀rẹ̀, àtùpà náà kú. Ó pààrọ̀ gílóòbù, kò tàn. Wáyà inú ògiri ìhà fèrèsé ni ó ti jóná. Ó ránṣẹ́ pe oníṣẹ́ iná àdúgbò, ọ̀dọ́mọkùnrin ọlọ́yàyà kan tí ó mọ iṣẹ́ rẹ̀ dáadáa ṣùgbọ́n tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kì í yá. Mo-Ń-Bọ̀ ni gbogbo wa ń pè é.

"Mo ń bọ̀, mà. Mo ti wà lójú ọ̀nà."

"Ojú ọ̀nà wo, ọmọ mi?"

"Èyí tó ń bọ̀ lọ́dọ̀ yín náà ni, mà."

Ilé wa wá di ibi tí Ẹ-Dúró-Ná ti ń dúró de Mo-Ń-Bọ̀. A fi wọ́n ṣe ẹ̀fẹ̀ lórí àtẹ̀gùn, ṣùgbọ́n ẹ̀fẹ̀ náà kò dùn tó bí a ṣe ń ṣe é. Pálọ̀ rẹ̀ ṣókùnkùn. Kò gbé àtùpà mìíràn síbẹ̀. Ó ní èyí tí ẹ̀gbọ́n mọ̀ ni òun fẹ́. Bí ilẹ̀ bá ti ń ṣú, kò sí ohun tí ó lè ṣe nínú pálọ̀ náà mọ́, á ti ìlẹ̀kùn rẹ̀, á wọ iyàrá lọ dùbúlẹ̀, bí adìyẹ, bí ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ẹni tí ń ti ibi iṣẹ́ bọ̀ yóò gbójú sókè, kò ní rí nǹkan kan, ọkàn rẹ̀ á sì já. Ọ̀sẹ̀ ń gorí ọ̀sẹ̀, òtútù ń mú sí i, Mo-Ń-Bọ̀ ṣì wà lójú ọ̀nà.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, ó ń lọ káàkiri pẹ̀lú ife tíì bí ìṣe rẹ̀, ó ń kí Ilé Ìgbẹ̀bí, ó ń kí Akápò. Ó dé ojú fèrèsé. Ní orí oríkèé Ẹsẹ̀-Akàn, ohun kan wà tí kò sí níbẹ̀ tẹ́lẹ̀: pupa kíún, bí orí abẹ́rẹ́ oníkókó tí aránṣọ fi ń di aṣọ mú. Ó rí ọ̀kan, ó rí òmíràn. Gbogbo etí ìkòkò ni ó ti yí ká.

Kò kígbe. Ó fa àga, ó jókòó níwájú rẹ̀ títí tíì fi tutù. Ó ń ronú bí ó ṣe máa ń ronú nígbà iṣẹ́, bí ìpè bá kọ̀ tí kò wọlé: kí ni ó wà lójú ọ̀nà? Ilẹ̀ kan náà ni. Omi kan náà ni. Fèrèsé kan náà ni. Ohun kan ṣoṣo ni ó ti yí padà. Nígbà náà ni ó gbọ́ ohùn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ láti inú mọ́tò ní ọjọ́ tí ó ń lọ, tí ọ̀rọ̀ olójú méjì yẹn sì yí ojú kejì sí i. Òkùnkùn gígùn ni ewéko yìí ń fẹ́ kí ó tó lè bímọ. Àtùpà tí òun ń tàn kí ẹ̀gbọ́n lè rí ọ̀nà wá ni kò jẹ́ kí òdòdó tí yóò pe ẹ̀gbọ́n yọ. Iná méjì kò lè tàn lójú fèrèsé kan.

Ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an ni Mo-Ń-Bọ̀ yàn láti dé. Ó gun àtẹ̀gùn pẹ̀lú àpò irinṣẹ́ rẹ̀, ó ń kọrin.

"Mà, mo ti dé! Ẹ jẹ́ kí n kàn sún ìkòkò yìí sí ẹ̀gbẹ́ kan."

"Má fọwọ́ kàn án!"

Gbogbo ilé gbọ́ ọ. Èyí ni ìgbà kìíní tí a gbọ́ pé ó pariwo, ó sì tún jẹ́ ìgbà kìíní tí ó gbàgbé "ẹ" lẹ́nu.

"Mà?"

"Ẹ má bínú. Bí ẹ bá yí ojú rẹ̀ padà báyìí, gbogbo ọmọ inú rẹ̀ ló máa já dànù. Ẹ máa lọ."

"Mà, ẹ ti ń pè mí láti ìgbà tí òtútù ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ ní kí n wá tan iná fún yín."

"Mo mọ̀. Mi ò fẹ́ iná mọ́. Ẹ kúuṣẹ́, ẹ sì kú àìtètèdé. Ẹ ò mọ oore tí ẹ ṣe fún mi."

Mo-Ń-Bọ̀ sọ̀kalẹ̀ pẹ̀lú àpò rẹ̀. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà aránṣọ, ó fọwọ́ kan orí.

"Ẹ̀yin ìyá wa, ṣé ara Ìyá òkè yá báyìí? Wọ́n dúpẹ́ lọ́wọ́ mi pé mo pẹ́."

"Ìwọ ṣáà máa lọ," ni aránṣọ wí. "Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo tí ìwà rẹ wúlò fún ènìyàn, o tún fẹ́ bà á jẹ́."

Òdòdó náà kò kánjú. Ó ń wú, ó ń gùn, títí tí ìṣẹ́po ewé òdòdó fi tú síta níkẹyìn, ọ̀kan lórí èkejì, bí ẹni tí ó wọ yẹ̀rì mẹ́ta. Ní ọ̀sán ọjọ́ tí gbogbo rẹ̀ là tán, obìnrin náà wẹ̀, ó wọ aṣọ tí ó ń wọ̀ fún òde, ó jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, ó sì ní kí aránṣọ wá jókòó ti òun. Lẹ́nu aránṣọ ni a ti gbọ́ ìyókù. Ó tẹ nọ́ńbà, aránṣọ sì fi etí sún mọ́ ọn. Ìyàwó ọmọ ẹ̀gbọ́n ni ó gbé e. Ó kí i dáadáa, ó rọra sọ pé, "Àǹtí, ẹ máa fara dà á o," ó sì gbé tẹlifóònù fún ìyá ọkọ rẹ̀.

"Ẹ ǹlẹ́ o." Ohùn ẹ̀gbọ́n ni. Kò yí padà.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ó ti tanná!"

"Ẹ kú ayọ̀ o. Ẹ jọ̀ọ́, ta ni mò ń bá sọ̀rọ̀?"

"Ẹ" náà wọlé sí i lára bí òtútù. Aránṣọ ní òun rí i tí èjìká rẹ̀ wálẹ̀.

"Kékeré ni, ẹ̀gbọ́n mi. Kékeré ni."

"Háà, Kékeré ò sí níbí o, mà. Kékeré wà nílé rẹ̀. Ṣé ẹ mọ̀ ọ́n ni?"

Aránṣọ ti na ọwọ́ láti gba tẹlifóònù náà, ó ti múra ẹkún. Ṣùgbọ́n obìnrin náà jókòó ṣánṣán, ó gbé orí sókè bí ó ti ń ṣe nídìí pátákó ìsopọ̀, nígbà tí ó sì máa fọhùn, ohùn tí gbogbo ìlú mọ̀ nígbà kan ni ó jáde, kò gbọ̀n.

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà. Mo mọ̀ ọ́n dáadáa. Ṣé ẹ ní iṣẹ́ tí ẹ fẹ́ rán sí i?"

"Ọlọ́run ló gbé yín dé. Ọmọ yẹn, kì í pè mí mọ́. Mo gbé òdòdó kan lé e lọ́wọ́, mo ní kí ojú fèrèsé rẹ̀ máa tanná. Bóyá ó ti fi omi pa á, ẹ̀rù mi ló ń bà á."

"Iná ni ẹ ní kó máa tàn ni, mà, àbí òdòdó?"

"Iná kẹ̀! Ta ló fẹ́ wá wo iná? Òdòdó ni mo wí. Ọmọ yẹn kì í gbọ́rọ̀ tán kó tó sáré." Ó rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín àtijọ́. "Ẹ bá mi sọ fún un. Ẹ sọ fún un pé mo ní, 'Ìwọ Kékeré, ìwọ olórí kunkun, ṣé o ti jẹun? Má fi tíì nìkan sùn. Dìde, kó o lọ wá nǹkan jẹ. Mi ò bínú sí ọ.' Bẹ́ẹ̀ gan-an ni kẹ́ ẹ sọ fún un."

Aránṣọ ní ojú rẹ̀ ti kún fún omi nígbà náà, ṣùgbọ́n omi náà kò dé inú ohùn.

"Mo ti gbọ́, mà. Ẹ dákun, ẹ tún un sọ lẹ́ẹ̀kan sí i, kí n lè jẹ́ ẹ fún un bó ṣe tọ́."

Ẹ̀gbọ́n tún un sọ, kò yọ ọ̀rọ̀ kan sílẹ̀.

Ó gbé tẹlifóònù sílẹ̀. Aránṣọ bi í pé kí ni ó fẹ́ ṣe báyìí.

"Wọ́n ní kí n dìde, kí n lọ jẹun," ni ó wí. Ó sì dìde.

Òdòdó Ẹsẹ̀-Akàn ti rẹ̀ báyìí, ó ti já sílẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, obìnrin náà sì ṣà wọ́n jọ sínú àwo. Àtùpà ṣì wà níbi tí ó wà, kò tún un ṣe. Àwa tí ń ti ìta bọ̀ ní ìrọ̀lẹ́ ti mọ òkùnkùn fèrèsé náà mọ́ra. A kì í fi í ṣe ẹ̀fẹ̀. Ọ̀sọ̀ọ̀sẹ̀ ni ó ń pe ẹ̀gbọ́n rẹ̀, kò sì tún sọ pé òun ni Kékeré. Ọ̀nà kan náà ni ó ń gbà bẹ̀rẹ̀: "Mà, Kékeré ní kí n bá òun kí yín." Ẹ̀gbọ́n á dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, á pè é ní ẹ̀yin ẹni ire, á béèrè àlàáfíà àwọn ọmọ tí kò ní. Lẹ́yìn náà ni á wá bẹ̀rẹ̀ pé, "Ẹ bá mi sọ fún un pé, ìwọ…" Níbẹ̀ ni obìnrin náà á ti lẹ tẹlifóònù mọ́ etí, á pa ojú dé, kò sì ní sọ pé, "Ẹ dúró ná."